Èmi Ni Mo Dáhùn fún Un

Àbúrò mi ọkùnrin kò sí ní Amẹ́ríkà mọ́, òfin kò sì gbà kó padà wá gbé ibẹ̀. Ní Iléṣà, ohun tí àwọn ẹbí gbà ni pé igbó ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Houston ní ìjọba ló ṣe é. Mo ń gbọ́ tọ̀tún, mo ń gbọ́ tòsì, mo sì ń dákẹ́, nítorí pé bí wọ́n bá ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ báyẹn, kò sẹ́ni tó máa bi èmi ní nǹkan kan. Ìdákẹ́ yẹn tó gẹ́ẹ́. Ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì bàjẹ́ lọ́wọ́ mi: àkọ́kọ́ nítorí àìmọ̀, èkejì nítorí ìbẹ̀rù.

Ọdún 2013 ló wọ Amẹ́ríkà. Lọ́tìrì físà ló mú un wá, ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jẹ ẹ́ kẹ́yìn kí wọ́n tó yọ orílẹ̀-èdè wa kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ní a ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló dé sí. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti di sítísìn ní tèmi. Òun ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí lálẹ́, ó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́sàn-án. Ọdún márùn-ún ni onígíríìnì káàdì sábà máa ń lò kó tó lè béèrè fún ìwé ọmọ onílẹ̀. Tirẹ̀ kù díẹ̀ kó pé. Gbogbo ohun tí a ń gbèrò nínú ilé, ọjọ́ yẹn la fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún 2017, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ nílé. Ọlọ́pàá dá a dúró nítorí pé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kan kò tàn. Ó ní òun ń gbóòórùn igbó, ó tú ọkọ̀, ó sì rí ọ̀rá kékeré kan lábẹ́ àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n tòun ti ọ̀rá rẹ̀, wọ́n kọ áúńsì 1.2 sínú ìwé. Ilẹ̀ mọ́ bá a ní àtìmọ́lé.

Ní Texas, igbó tí kò bá ju áúńsì méjì lọ, ẹ̀ṣẹ̀ Class B ni: ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó 180 ọjọ́, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 2,000 dọ́là. Tó bá ti kọjá méjì tí kò ju mẹ́rin lọ, ó di ọdún kan àti 4,000 dọ́là. Tó bá ju mẹ́rin lọ, ó ti di felony nìyẹn, ọ̀ràn ńlá. Ẹ jẹ́ kí n ti ibí yìí sọ ohun tí ọ̀pọ̀ òbí tí mo mọ̀ kò mọ̀. Òróró igbó tí àwọn ọmọ wa ń fà nínú vape, òfin Texas kò kà á mọ́ ewé. Kò tiẹ̀ ní láti pé gíráàmù kan kó tó di felony. Ọmọ tó ní ewé kékeré nínú àpò lè bọ́ nínú rẹ̀ ju ọmọ tó ní vape kan ṣoṣo lọ. Ẹ tú báàgì wọn wò, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹlòmíràn tó tú u.

Ìlú tí wọ́n ti mú un kò jìnnà sí Houston, àmọ́ kò sí nínú Harris County, agbègbè tí Houston wà. Ìyàtọ̀ yẹn dùn mí títí dòní. Láti oṣù kẹta ọdún 2017 náà ni Kim Ogg, tó jẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba ní Harris County nígbà náà, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan: ẹni tí wọ́n bá ká igbó tí kò tó áúńsì mẹ́rin mọ́ lọ́wọ́ á gba ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́rin, á san 150 dọ́là, wọn kò sì ní fi ẹ̀sùn kàn án. Kò ní rí adájọ́ sójú, kò ní fọwọ́ sí ìwé pé òun jẹ̀bi nǹkan kan. Ìpínlẹ̀ kan náà, òfin kan náà, ààlà county méjì.

Bí mo bá ní ìtìjú ló kọ́kọ́ tì mí, ẹni tó bá mọ ilé wa á gbà. Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá wa. Àwọn ìran rẹ̀ kò gbàgbé òfin tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1966, èyí tó ní ẹni tó bá gbin igbó lè kú tàbí kó lo ọdún 21 lẹ́wọ̀n. Ní àdúgbò wa, bí wọ́n bá ti pe ọmọ kan ní amugbó, ó ti tán. Wọn kò ní jẹ́ kí ọmọ tiwọn bá a ṣeré, bó bá dàgbà wọn kò ní fún un níyàwó. Ilé yìí kò bí amugbó, bàbá wa máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka àkọsórí. Nígbà tí àbúrò mi pè mí láti àtìmọ́lé, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni bí bàbá kò ṣe ní gbọ́ ọ. Mo gba béèlì rẹ̀, mo wá lọ́yà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan pásítọ̀ wa.

Ọ̀nà méjì ni lọ́yà fi síwájú wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù. Ó ní a lè jà á. Ẹlòmíràn jókòó sórí àga yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, ìjọba sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé àbúrò mi mọ̀ pé igbó wà níbẹ̀, pé ìkáwọ́ rẹ̀ ló wà. Ó ní a tún lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá kí wọ́n tún un wọ̀n. Èyí á pẹ́, á sì náni lówó. Ọ̀nà kejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní deferred adjudication. Àbúrò mi á sọ pé òun kò bá wọn jiyàn ẹ̀sùn náà, adájọ́ kò ní kéde pé ó jẹ̀bi, á sún ìdájọ́ síwájú. Á máa lọ jábọ̀ fún òṣìṣẹ́ kóòtù lóṣooṣù, á máa tọ̀ sínú ike fún àyẹ̀wò, á san owó, á ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú. Bó bá parí rẹ̀ láìṣẹ̀, wọ́n á da ẹjọ́ náà nù.

Nígbà náà ni lọ́yà bèèrè bóyá sítísìn ni. Àbúrò mi la ẹnu láti fèsì, mo sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní ìwé rẹ̀ pé, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Lọ́yà mi orí, ó yí ojú ìwé. Kò tún bèèrè mọ́. Ó yẹ kó bèèrè, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bi léèrè kọ́ ló dá a lóhùn.

Kí àbúrò mi tó fọwọ́ sí ìwé náà, ó fi ìka sí ìlà kan. Ìlà náà sọ pé bí ẹni tó ń fọwọ́ sí i kì í bá ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, ohun tó ń ṣe yìí lè mú kí wọ́n lé e kúrò nílùú, tàbí kí wọ́n má gbà á wọlé, tàbí kí wọ́n má fún un ní ìwé ọmọ onílẹ̀. Ó wojú mi.

“Àǹtí mi, èyí ńkọ́?”

“Àwọn tí kò ní ìwé ni wọ́n ń bá wí. Fọwọ́ sí i, jẹ́ ká máa lọ.”

Mi ò mọ òfin ìmígíréṣọ̀n. Láti orí ìwé tèmi, tí mo gbà láìsí ìdíwọ́, ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe fi dá a lójú ló jẹ́ kó gbà mí gbọ́. Láti kékeré ló ti máa ń gba ohun tí mo bá sọ.

Ó ṣe gbogbo ohun tí kóòtù ní kó ṣe. Wọ́n da ẹjọ́ náà nù, a tún gba àṣẹ kóòtù tó fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́ fún gbogbo ènìyàn, kí agbanisíṣẹ́ má baà rí i. Mo se ìrẹsì lọ́jọ́ náà, a dúpẹ́. Mo ní kó ṣe sùúrù díẹ̀ lórí ìwé ọmọ onílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ dáadáa.

Lọ́dún 2019, bàbá wa kú. Dáwódù ni àbúrò mi, kò sí bí wọ́n á ṣe sin bàbá tí kò ní sí níbẹ̀. Ó lọ, ó ṣe gbogbo ètò bó ti yẹ. Nígbà tó padà dé pápákọ̀ òfuurufú Houston, wọ́n ní kó yà sápá kan. Wọ́n gba gíríìnì káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí kóòtù Texas fi pamọ́ fún gbogbo ayé, ó wà lórí kọ̀ǹpútà níwájú òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n.

Ohun tí mo wá kọ́ nìyí, ní àwọn oṣù tí wọ́n fi tì í mọ́lé ní àríwá Houston, níbi tí òfin kò ti fún adájọ́ ìmígíréṣọ̀n láyè láti gba béèlì rẹ̀. Láti ọdún 1996 ni ìjọba àpapọ̀ ti kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń pè ní ìdálẹ́bi sínú òfin ìmígíréṣọ̀n. Bí ènìyàn bá ti gbà pé òun jẹ̀bi, tàbí tó ní òun kò bá wọn jiyàn, tí adájọ́ sì ti fi ìyà tàbí ìkálọ́wọ́kò kankan lé e, ìdálẹ́bi ni. Kò kan ìjọba àpapọ̀ pé ìpínlẹ̀ da ẹjọ́ náà nù lẹ́yìn náà. Texas ní kò sí ẹjọ́ mọ́. Washington ní ẹjọ́ wà.

Òfin náà fi àlàfo kékeré kan sílẹ̀ fún igbó nìkan. Ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́ẹ̀kan péré pẹ̀lú igbó tó fẹ́ fi ṣe tara rẹ̀, tí kò ju 30 gíráàmù lọ, wọn kò lè torí ìyẹn lé e. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnubodè ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan lè bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì. Ṣùgbọ́n áúńsì méjì tí Texas fi ṣe ààlà ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ti tó 56 gíráàmù. Nítorí náà, ènìyàn lè wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ tó kéré jù lọ lójú ìpínlẹ̀, kó sì ti jìn sí kòtò lójú ìjọba àpapọ̀. Áúńsì 1.2 jẹ́ gíráàmù 34. Gíráàmù mẹ́rin ló lé. Wọ́n wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ọ̀rá. Lọ́yà ti ní ká tún un wọ̀n, èmi ni mo ní kò pọn dandan.

Ilẹ̀kùn mìíràn tún wà. Onígíríìnì káàdì tó bá ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún méje lè bẹ adájọ́ pé kó má lé òun, kó wo ìwà òun, iṣẹ́ òun, ẹbí òun. Ọdún 2019 ni a wà, àbúrò mi ti lé lọ́dún márùn-ún, mo ń rò pé bí ẹjọ́ bá falẹ̀, á pé. Lọ́yà tuntun tí mo gbà ló là mí lóye: ọjọ́ tí ẹ̀ṣẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ ni kíkà náà ti dúró. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ka fún un, bó bá tiẹ̀ lo ogún ọdún lẹ́yìn náà, mẹ́rin náà ni.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí a padà sí kóòtù Texas, ká ní kí wọ́n fagi lé ohun tó fọwọ́ sí, nítorí pé lọ́yà àkọ́kọ́ kò sọ fún un ohun tó wà níwájú. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀ lọ́dún 2010, nínú ẹjọ́ José Padilla. Ọmọ Honduras ni ọkùnrin yìí, ó ti ja ogun Vietnam fún Amẹ́ríkà, ó sì ti gbé ibẹ̀ lé ní ogójì ọdún kí wọ́n tó ká igbó mọ́ ọn nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ní Kentucky. Lọ́yà rẹ̀ ti sọ fún un pé kó má ṣèyọnu nípa ìmígíréṣọ̀n, ó ti pẹ́ nílùú jù. Nígbà tí mo kà á, jìnnìjìnnì bò mí, nítorí ìmọ̀ràn kan náà ni mo fún àbúrò mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà ní ó di dandan kí lọ́yà sọ fún oníbàárà rẹ̀ bí ohun tó fẹ́ fọwọ́ sí bá lè mú kí wọ́n lé e nílùú.

Ṣùgbọ́n àìsọ lọ́yà nìkan kò tó. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti kọ̀, òun ì bá ti lọ jà á. Wọ́n tún sọ èyí lọ́dún 2017 nínú ẹjọ́ Jae Lee, ọmọ Korea tó ń ta oúnjẹ ní Memphis: ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn kò tó. Lee rí tirẹ̀ mú wá, ó sì borí.

Àwa náà ní ẹ̀rí. Ọwọ́ mi ló wà.

Ọkọ̀ tí àbúrò mi ń wà lálẹ́ ọjọ́ náà, tèmi ni. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé rẹ̀. Iná ẹ̀yìn tí kò tàn, mo mọ̀ pé ó ti kú, ó ti sọ fún mi. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ kóòtù, ó jókòó sí kíṣìnì mi, ó ní òun kò fẹ́ fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó ní igbó náà kì í ṣe tòun, pé ẹni tí òun gbé ló ní in, pé òun fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà dópin. Mo bẹ̀ ẹ́, nígbà tó yá mo bínú sí i. Mo ní bó bá di ìgbẹ́jọ́, wọ́n á bèèrè ẹni tó ni ọkọ̀. Wọ́n á pè mí wá jẹ́rìí. Orúkọ mi á wọ inú ọ̀rọ̀ igbó, ìgbìmọ̀ tó fún mi ní láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì á gbọ́, ta ni yóò máa san owó ilé tí àwa méjèèjì ń gbé? Mo kó gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé, mo kà á sí i lórí. Ó dákẹ́. Ó ní, “Ó ti tó, Àǹtí mi, màá fọwọ́ sí i.”

Ẹ̀rí tí a nílò gan-an nìyẹn. Ó ti fẹ́ kọ̀ kódà kó tó mọ̀ pé wọ́n lè lé òun.

Nígbà tí lọ́yà tuntun ní kí n kọ ìwé ìbúra, mo kọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù sí i: ìbéèrè tí wọ́n bi í àti ìdáhùn tí mo fún wọn. Mo kọ ti ìlà tó fi ìka sí. Mi ò kọ ti kíṣìnì, nítorí pé ẹni tó bá kọ ti kíṣìnì gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí mo fi ní kó má jà á, ìdí náà sì ni ọkọ̀. Mo sọ fún ara mi pé èyí tí mo kọ ti tó. Mo fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni, kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni mo búra lé lórí.

Adájọ́ kọ ẹ̀bẹ̀ wa. Ó ní òun kò rí ohunkóhun tó fi hàn pé ọmọkùnrin yìí ì bá ti yan ìgbẹ́jọ́ nígbà náà. Mo jókòó lẹ́yìn lọ́yà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ketekete, mi ò dìde.

Wọ́n dá àbúrò mi padà sí Èkó, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Iléṣà. Ó ní ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí fún un ní Texas, ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ náà ló wà. Orí fóònù ló ti mọ bàbá rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ààrẹ Joe Biden kéde pé òun dárí ji àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi nítorí pé wọ́n ká igbó mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn onígíríìnì káàdì sì wà nínú rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, mo sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ń sunkún ayọ̀. Nígbà tí mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo rí i pé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti Washington, D.C. nìkan ni. Ti ìpínlẹ̀ kò sí níbẹ̀, ààrẹ kò lágbára lórí rẹ̀, ó kàn rọ àwọn gómìnà pé kí wọ́n ṣe bí òun ti ṣe. Bí gómìnà bá tiẹ̀ dárí ji ènìyàn lórí oògùn olóró, òfin ìmígíréṣọ̀n kò kà á. Mo tún kọ́ ìyẹn nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Nígbà tí mo pinnu láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo kọ́kọ́ pe àbúrò mi ní Iléṣà. Mo sọ ti kíṣìnì fún un, pé mo yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìbúra mi. Mo rò pé yóò bínú, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bínú.

Ó ní, “Mo mọ̀. Lọ́yà ka tiyín fún mi ní àtìmọ́lé. Mo rí i pé ẹ ò kọ ọ́, ni èmi náà ò bá kọ ọ́ sí tèmi.”

Mo bi í léèrè ìdí.

“Iṣẹ́ yín ni, Àǹtí mi. Ẹ ti sọ fún mi pé wọ́n lè gbà á.”

Ó ti wà ní àtìmọ́lé, ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà lè ṣe fún un, ó sì bò mí láṣìírí. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan tí mo lè fi dá a lóhùn, mi ò sì tíì ní in.

Mo padà tọ lọ́yà lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ láìfi nǹkan pamọ́. Ó ní irú ẹ̀bẹ̀ yìí ṣòro láti mú wá lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé kóòtù á bèèrè ìdí tí a kò fi sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, ìdáhùn tí a ní sì lè ṣàìtẹ́ wọn lọ́rùn. Ó ní kí n mọ̀ pẹ̀lú pé ìgbìmọ̀ láísẹ́ǹsì lè rí i. Mo ní kó mú bébà wá. Mo kọ ọ́ láti orí ọkọ̀ dé orí iná ẹ̀yìn, láti ohun tí àbúrò mi sọ ní kíṣìnì dé èyí tí èmi sọ fún un. Mo búra lé e níwájú nótárì, mo sì ti fi í lé lọ́yà lọ́wọ́.